Orí Kẹfà: Ìgbẹ́ Gbuuru Ọmọdé àti Bakitéríà Tí Kò Gbóògùn Mọ́

Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní alẹ́ ọjọ́ Ajé. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìgbẹ́ tó ń yà ti di omi gbuurugbu, ó ń rùn kíkan, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Ìyá àgbà wo ẹnu ọmọ, ó ní, "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó dà yín láàmú, eyín ló ń hù." Nígbà tó di ọ̀sán tí ìgbẹ́ kò dáwọ́ dúró, ìyá ọmọ pọ̀n ọ́n, ó di kẹ́míìsì ìkángun àdúgbò. Ẹni tó ń ta oògùn kò fọwọ́ kan ọmọ. Ó gé kápúsù mélòó kan lára páálí, ó ní kí ìyá máa tú ìdajì rẹ̀ sínú ògì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ Ẹtì, ìgbẹ́ ti ń ki padà. Inú gbogbo ilé dùn. Wọ́n tọ́jú kápúsù tó ṣẹ́kù sínú àpótí, torí ìgbà mìíràn.

Kò sí ẹni tó fẹ́ ibi fún ọmọ yìí. Ìfẹ́ ni gbogbo wọn fi ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Síbẹ̀, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ nínú ìfun ọmọ náà tí ojú ẹnì kankan kò rí. Àkọ́kọ́, ó dájú dé ìwọ̀n tó ga pé kápúsù náà kò kan ohun tó ń ṣe ọmọ rárá, nítorí irú ìgbẹ́ olómi bẹ́ẹ̀, tó bá èébì rìn tí kò sì ní ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń jẹ́ lára ọmọ kékeré. Èkejì, kápúsù náà kan àwọn mìíràn nínú ìfun kan náà, àwọn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Orí àwọn yìí ni ìyà náà já lé, àwọn tó sì yè é nínú wọn kò jọ àwọn ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ọ̀pọ̀ ìwé ẹ̀kọ́ máa ń ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀: fáírọ́ọ̀sì inú ìfun ní orí kan, bakitéríà tó borí oògùn ní orí mìíràn. Mo rò pé ìyàsọ́tọ̀ yẹn kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rí bí èkíní ṣe ń bọ́ èkejì. Nínú orí yìí, a ó kọ́ méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ kan ṣe. Yorùbá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé àìsàn kan "kò gbóògùn". Ọ̀rọ̀ tó dára ni, òun náà ni a ó sì máa lò: àìgbóògùn. Ṣùgbọ́n ta ni kò gbóògùn? Ẹ ó gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí pé, "Oògùn yẹn ti mọ́ mi lára, kò ràn mí mọ́." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, bí ẹni pé ara aláìsàn ló yí padà. Kì í ṣe ara rẹ̀. Bakitéríà tó wà nínú ara rẹ̀ ló yí padà, bakitéríà náà sì lè kúrò lára rẹ̀ lọ bá ọmọ tí kò tíì gbé oògùn kan mì rí láyé. Ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí gbogbo ohun tó kù nínú orí yìí dúró lé e.

6.1 Kẹ̀kẹ́ kékeré inú ìfun

Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bí wọ́n bá gbé ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru wá sí ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà kì í lè dárúkọ ohun tó fà á. Wọ́n á wá bakitéríà títí, wọn ò ní rí èyí tó yẹ kí wọ́n dá lẹ́bi. Ní ọdún 1973, ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, Ruth Bishop àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Geoffrey Davidson, Ian Holmes àti Brian Ruck ṣe ohun kan tó yàtọ̀. Kàkà kí wọ́n máa wo ìgbẹ́ nìkan, wọ́n mú ẹyọ kékeré bíńtín láti ara ìfun àwọn ọmọ tí àìsàn náà ń ṣe, níbi tí ìfun kékeré ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù elẹ́kítírọ́ọ̀nù. Fáírọ́ọ̀sì kún inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bámúbámú. Ó rí roboto, pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti àárín jáde bí ti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Thomas Flewett, onímọ̀ kan ní Bìrìtìkó, ló dábàá pé kí wọ́n pè é ní rotavirus, nítorí "rota" ni àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe kẹ̀kẹ́.

Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní 1972, Albert Kapikian ní Amẹ́ríkà ti rí fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó kéré jù ú lọ. Inú ìgbẹ́ tí wọ́n tọ́jú láti ìgbà tí àìsàn èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ti jà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Norwalk, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọdún 1968, ni ó ti rí i. Lára orúkọ ìlú náà ni norovirus ti gba orúkọ tirẹ̀. Rotavirus ń bá ọmọdé jà ju àgbà lọ. Norovirus kò mọ ọmọdé yàtọ̀ sí àgbà.

Bí rotavirus ṣe ń ṣiṣẹ́ gba kí a farabalẹ̀ wò ó. Ẹ mú tówẹ́ẹ̀lì tuntun kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú ojú. Ẹ ó rí àwọn òwú kéékèèké tó dúró ṣánṣán, tó kún ojú rẹ̀ débi pé omi tí tówẹ́ẹ̀lì lè fà pọ̀ ju ti aṣọ pẹlẹbẹ lọ fíìfíì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ògiri inú ìfun kékeré rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ṣóńṣó orí "òwú" wọ̀nyẹn ló ń fa omi, iyọ̀ àti oúnjẹ wọ inú ara. Àwọn sẹ́ẹ̀lì orí ṣóńṣó náà gan-an ni rotavirus ń wọ̀. Ó ń sọ wọ́n di ilé iṣẹ́ tó ń ṣe rotavirus tuntun, lẹ́yìn náà wọ́n á kú, wọ́n á já. Òwú tówẹ́ẹ̀lì á wá kúrú. Omi tí ó yẹ kí ìfun fà padà á máa ṣàn kọjá. Fáírọ́ọ̀sì náà tún ń ṣe purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní NSP4, èyí tó ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì kú pàápàá máa da omi àti iyọ̀ síta.

Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ àwọn òwú náà, sẹ́ẹ̀lì tuntun ń hù lójoojúmọ́, wọ́n sì ń gun òkè bọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á ti rọ́pò àwọn tó kú. Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló tún ògiri rẹ̀ mọ. Ìdí nìyí tí ìgbẹ́ gbuuru rotavirus fi sábà máa ń parí fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́jọ, bí omi ara ọmọ kò bá gbẹ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ padà sínú ìtàn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kápúsù wọlé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìgbẹ́ ki padà ní ọjọ́ Ẹtì. Ì báà jẹ́ omi lásán ni wọ́n fún ọmọ náà mu, ọjọ́ Ẹtì náà ni ìgbẹ́ ì bá ki. Kápúsù gba ìyìn iṣẹ́ tí kò ṣe, ìyá ọmọ sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí ojú ara rẹ̀ ló fi rí i. Èmi kò lè bá a wíjọ́. Ohun tí ojú ìyá rí lórí ọmọ rẹ̀ lágbára ju ìwé ìléwọ́ èyíkéyìí lọ, ẹni tó bá fẹ́ yí i lérò padà ní láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

6.2 Kí ló dé tí oògùn náà kò fi kan fáírọ́ọ̀sì?

Ìdáhùn rẹ̀ kúrú. Oògùn tó ń pa bakitéríà ní ibi tó máa ń dojú kọ lára rẹ̀. Penicillin àti ampicillin ń ba ògiri tí bakitéríà mọ yí ara rẹ̀ ká jẹ́. Tetracycline ń lọ jókòó sórí ribosome bakitéríà, kò sì ní jẹ́ kó rí purotéènì ṣe. Ciprofloxacin ń dí ènsáìmù tó ń tú DNA bakitéríà lójú pọ́. Rotavirus kò ní ògiri bẹ́ẹ̀. Kò ní ribosome, ti ọmọ ènìyàn ló ń lò. Ogún rẹ̀ kì í ṣe DNA pàápàá, ègé RNA mọ́kànlá ni. Oògùn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wó ògiri kò lè rí nǹkan wó lára ohun tí kò ní ògiri, ì báà jẹ́ kápúsù pupa àti yẹ́lò, ì báà jẹ́ abẹ́rẹ́ olówó ńlá.

6.3 Àwọn tí ìyà já lé lórí

Ìfun ọmọ tí ara rẹ̀ dá kún fún bakitéríà. Ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa nínú wọn ni Escherichia coli, tí a ń gé kúrú sí E. coli. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀yà rẹ̀ kì í dá ẹnikẹ́ni lágara. Àwọn ni onílé, wọ́n ń gbé ilé wọn.

Nígbà tí ampicillin bá wọlé dé, àìlóǹkà wọn á kú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ bí èyí, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan wà tó ní jíìnì tó ń ṣe ènsáìmù tó ń gé oògùn náà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Kì í ṣe oògùn ló kọ́ ọ. Ó ti ní in tẹ́lẹ̀. Edward Abraham àti Ernst Chain ti kọ̀wé nípa irú ènsáìmù bẹ́ẹ̀ nínú bakitéríà ní ọdún 1940, kí penicillin tó dé ọwọ́ aráàlú rárá. Ohun tí oògùn ṣe ni pé ó pa gbogbo ẹni tó ń bá a du oúnjẹ.

Ẹ fi ìṣirò wò ó. Bí ààyè bá gba E. coli dáadáa nínú yàrá àyẹ̀wò, ó lè pín sí méjì ní ìṣẹ́jú 20. Ní wákàtí kan, ẹyọ kan ti di 8. Ní wákàtí mẹ́wàá, ó ti pín ní ọgbọ̀n ìgbà: ẹyọ kan ṣoṣo ti di 1,073,741,824. Nínú ìfun kì í yára tó bẹ́ẹ̀, oúnjẹ kì í tó. Síbẹ̀, ẹ mú bírò kí ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín, kí ẹ rí bí ẹyọ kan tó ṣẹ́kù ṣe lè di ìran kan.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró síbẹ̀, ì bá sàn. Èyí tó burú jù ni ohun tí àwọn onímọ̀ Japan rí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Shigella ni bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, ìgbẹ́ tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ní 1955, obìnrin ará Japan kan ti Hong Kong dé pẹ̀lú ìgbẹ́ ọ̀rìn tó kọ̀ tí kò lọ. Shigella tí wọ́n rí lára rẹ̀ kò gbọ́ sulfonamide, kò gbọ́ streptomycin, kò gbọ́ chloramphenicol, kò sì gbọ́ tetracycline. Oògùn mẹ́rin, bakitéríà kan. Lẹ́yìn ìyẹn, irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè náà.

Báwo ni bakitéríà kan ṣe lè borí oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan? Ká ní bakitéríà kan nínú mílíọ̀nù mẹ́wàá ló máa ń ṣèèṣì yí padà lọ́nà tí yóò fi borí oògùn kan. Kí ó tó ṣèèṣì borí mẹ́rin pọ̀, ẹ ní láti sọ 10,000,000 di púpọ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin: òǹkà tí òdo 28 tẹ̀ lé ẹyọ 1. Èèṣì kò lè ṣe irú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ náà sì tún ṣàkíyèsí pé E. coli inú ìfun àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn kò gbọ́ oògùn mẹ́rin kan náà. Ní 1959, Ochiai àti Akiba da E. coli tí kò gbóògùn pọ̀ mọ́ Shigella tó ń gbóògùn nínú ìgò kan. Nígbà tí wọ́n padà yẹ Shigella wò, òun náà kò gbóògùn mọ́.

Ohun tó kọjá láàárín wọn ni òrùka DNA kékeré kan tí à ń pè ní plasmid. Bakitéríà kan á na ọwọ́ tín-ínrín kan sí èkejì, á sì ta á lọ́rẹ. Ó jọ bí aládùúgbò ṣe ń yá aládùúgbò ní ọmọ odó, àmọ́ ẹni tó yáni níbí kò pàdánù tirẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Kò sì pọn dandan kí wọ́n jẹ́ ìran kan náà. E. coli tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lè fi ohun ìjà lé Shigella lọ́wọ́.

Nítorí náà, kápúsù tí a gbé fún ọmọ tí fáírọ́ọ̀sì ń ṣe kò parí sínú ọmọ náà. Ó ń kó àwọn tó ní ohun ìjà jọ sí ibì kan, ó ń dúró de ọjọ́ tí àlejò burúkú yóò wọlé wá gbà á lọ́wọ́ wọn.

6.4 Ohun tí wọ́n rí ní Ilé-Ifẹ̀

A kò ní láti lọ sí Japan kí a tó rí ẹ̀rí. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Iruka Okeke, Samuel Fayinka àti Adebayo Lamikanra ṣe iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé yìí mọ̀. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Bakitéríà E. coli 758 ni wọ́n yẹ̀ wò. Inú ìgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti mú wọn, ní 1986, 1988, 1990, 1994 àti 1998. Aláìsàn kọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Ara wọn dá, wọ́n ń lọ sí kíláàsì, wọ́n ń jẹun.

Wọ́n fi oògùn méje dán bakitéríà náà wò. Ẹ wo mẹ́rin nínú wọn: tetracycline, ampicillin, chloramphenicol àti streptomycin. Ní 1986, ìdá E. coli tí kò gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú oògùn mẹ́rin yìí wà láàárín 9 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1998, ó ti wà láàárín 56 sí 100 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọdún méjìlá péré.

Ẹ tún ìyẹn kà. Ó kéré tán, oògùn kan wà nínú mẹ́rin náà tí kò sí E. coli kan ṣoṣo tó tún gbọ́ ọ nínú àwọn tí wọ́n mú ní 1998. Kò sì sí ilé ìwòsàn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìfun ọ̀dọ́ tí ara wọn le ti di àká tí wọ́n ń kó jíìnì àìgbóògùn pamọ́ sí. Àwọn tó kọ iṣẹ́ náà kò sọ pé ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé nìkan ló fà á. Ibà, ọgbẹ́, ikọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra kápúsù lójú títì láìsí ìwé dókítà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú kápúsù àkọ́kọ́ tí ọmọ ènìyàn ń gbé mì láyé ni kì í ṣe torí ìgbẹ́ gbuuru tàbí ikọ́? Àwọn olùwádìí kan tọ àwọn ọmọ lẹ́yìn láti ìbí títí di ọmọ ọdún méjì ní orílẹ̀-èdè mẹ́jọ, lára wọn Tanzania, South Africa, Bangladesh àti Brazil. Wọ́n rí i pé, bí a bá pín in dọ́gba, ọmọ kọ̀ọ̀kan gba oògùn apabakitéríà bí ìgbà márùn-ún lọ́dún.

6.5 Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n: àwo kan nínú yàrá àyẹ̀wò

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ń gbà mọ bakitéríà tí kò gbóògùn rọrùn débi pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe é lábẹ́ àbójútó olùkọ́. Alfred Bauer, William Kirby àti ẹlẹgbẹ́ wọn ló gbé e kalẹ̀ ní 1966 bí a ṣe ń ṣe é títí di òní.

Ẹ ó da ohun tí à ń pè ní Mueller-Hinton agar sínú àwo pẹlẹbẹ, kí ó nípọn mìlímítà mẹ́rin. Á dì bí ẹ̀kọ, àmọ́ àwọ̀ rẹ̀ mọ́ ju ti ẹ̀kọ lọ, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ ó ti òwú mímọ́ bọ inú omi tí bakitéríà wà, ẹ ó fún un mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìgò, ẹ ó sì fi pa gbogbo ojú àwo náà lọ́nà mẹ́ta, kí ibì kankan má ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ẹ̀mú gbé pépà róbótó kéékèèké tó ní oògùn nínú lé e lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹ má ṣe sún un lẹ́yìn tó bá ti fọwọ́ kan agar, nítorí oògùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Ẹ gbé e sínú àpótí ìgbóná, ní ìwọ̀n 35, fún wákàtí 16 sí 18.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú àwo náà á ti funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i. Yí pépà oògùn tí bakitéríà gbọ́ ká, ẹ ó rí àyè kan tó mọ́ roro bí òṣùpá àrànmọ́jú. Yí èyí tí kò gbọ́ ká, funfun náà á wá bá pépà lẹ́sẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn òṣùpá náà láti ìkángun dé ìkángun. Fún E. coli àti pépà ampicillin oníwọ̀n 10, bí ó bá tó mìlímítà 17 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó gbóògùn. Bí ó bá jẹ́ 13 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, kò gbóògùn. Èyí tó bọ́ sáàárín, àárín náà ló wà. Ẹ wo inú òṣùpá náà dáadáa pẹ̀lú. Nígbà mìíràn ẹ ó rí àmì funfun kan ṣoṣo níbẹ̀, bí orí abẹ́rẹ́. Àwọn tó yè é nìyẹn. Ẹyọ bakitéríà kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ àmì náà.

Rotavirus kò ní hù lórí àwo yìí láéláé, nítorí inú sẹ́ẹ̀lì alààyè nìkan ló ń bí sí i. Ohun èlò mìíràn la fi ń wá a: ìdánwò tó ń dá purotéènì rẹ̀ mọ̀, tàbí PCR tó ń sọ ogún rẹ̀ di púpọ̀ títí a ó fi rí i. Ibi tí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, dókítà ń méfò ni. Ìwé tí Iruka Okeke kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2011, Divining Without Seeds ni orúkọ rẹ̀: dídá ifá láìsí ikin. N kò mọ àfiwé mìíràn tó bá ipò náà mu tó bẹ́ẹ̀. Babaláwo tí kò ní ikin lọ́wọ́ kò jẹ́ sọ pé òun rí odù. Ṣùgbọ́n a ń retí kí dókítà àti nọ́ọ̀sì wa dárúkọ ohun tó ń ṣe ọmọ láìsí ohun tí wọ́n fi lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Kódà bí a bá rí kòkòrò nínú ìgbẹ́, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ìfun ọmọ tí ara rẹ̀ dá lè ní kòkòrò kan náà láìṣàìsàn. Ìdí nìyí tí ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní GEMS, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2013, fi yẹ ọmọ 9,439 tó ń yàgbẹ́ gbuuru wò, tí ó sì tún yẹ 13,129 mìíràn tí kò yà á wò láti àdúgbò kan náà, ní Gambia, Mali, Kenya, Mozambique, India, Bangladesh àti Pakistan. Ohun tó pọ̀ lára àwọn aláìsàn ju ti àwọn tí ara wọn dá lọ ni wọ́n dá lẹ́bi. Rotavirus ló ṣáájú lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Shigella, Cryptosporidium àti irú E. coli kan tó ń tú májèlé jáde tẹ̀ lé e.

6.6 Ẹni tí oògùn tọ́ sí

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ọmọ tó ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nílò oògùn apabakitéríà, ó sì nílò rẹ̀ kíákíá. Ẹni tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń ṣe nílò rẹ̀. Ẹni tí onígbáméjì mú gidigidi náà ń jàǹfààní rẹ̀. Nítorí àwọn wọ̀nyí gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí. Ní 2016, ní ìpínlẹ̀ Sindh ní Pakistan, ibà jẹ̀funjẹ̀fun kan bẹ́ sílẹ̀ tí kò gbọ́ chloramphenicol, ampicillin, cotrimoxazole, ciprofloxacin, tàbí ceftriaxone. Ohun tó kù fún dókítà láti fi sẹ́nu aláìsàn ni azithromycin. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ olówó gọbọi ló kù. Plasmid ló gbé èyí tó fi borí ceftriaxone wá, ó sì jọ ti E. coli. Ohun tí Ochiai àti Akiba rí nínú ìgò ní 1959 ló tún ṣẹlẹ̀ nígboro.

Àwọn tó ṣírò ikú tí bakitéríà aláìgbóògùn fà tààrà káyé ní 2019 sọ pé ó tó mílíọ̀nù 1.27. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ga jù nínú gbogbo ẹkùn ayé: ènìyàn 27.3 nínú ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

6.7 Omi, iyọ̀ àti ṣúgà

Kí wá ni kí ìyá ọmọ inú ìtàn wa ṣe? Ohun tó ń pa ọmọ nínú ìgbẹ́ gbuuru ni gbígbẹ omi ara. Àwọn ìyá wa mọ àmì rẹ̀: àwùjẹ̀ ọmọ á jìn, ojú rẹ̀ á wọnú, á sunkún láìsí omijé, kò ní tọ̀ bó ṣe ń tọ̀. Ọmọ tó bá ti ń rọ pátá tí kò lè mu nǹkan, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ní 1971, nígbà tí ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kúrò ní ibi tó di Bangladesh, onígbáméjì wọ àgọ́ wọn ní Bangaon ní India. Omi ìfasára tán. Dókítà Dilip Mahalanabis pàṣẹ kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà glucose ní ìwọ̀n, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì máa fi po omi tí àwọn ìyá àti ẹbí yóò máa fi ife bù fún aláìsàn. Àwọn tó ń kú tẹ́lẹ̀ tó 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó já wálẹ̀ sí 3.6. Ìdí tó fi ṣiṣẹ́ ni pé ẹnu ọ̀nà kan wà lára sẹ́ẹ̀lì ìfun tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ máa ń gbà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, omi á sì tẹ̀ lé wọn. Májèlé onígbáméjì kò lè ti ẹnu ọ̀nà yẹn. Rotavirus pàápàá kì í ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

ORS, irú àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà yìí kan náà, tí ẹ ń rà lónìí jẹ́ gírámù 20.5 fún lítà omi kan: glucose 13.5, iyọ̀ 2.6, àti èròjà méjì mìíràn. Ẹ po ó pẹ̀lú ìwọ̀n omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀ gan-an, kí ó má kéré, kí ó má pọ̀. Ìyá kò gbọdọ̀ dá ọmú dúró. Wọ́n á fi zinc kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: mìlígírámù 20 lójúmọ́, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Olórí ìṣòro tí mo ti rí ni pé ORS kì í dá ìgbẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Omi ló ń dá padà. Ìyá tí a kò bá sọ èyí fún yóò rò pé a tan òun jẹ, yóò sì padà sí kẹ́míìsì.

6.8 Ẹ̀kán tó ń gba kápúsù lọ́wọ́ ọmọ

Nàìjíríà fi àjẹsára rotavirus kún èyí tí wọ́n ń fún gbogbo ọmọ ní August 2022. Ẹnu ni wọ́n ń kán an sí, ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Ìyá tó gbé ọmọ lọ gba àjẹsára náà mọ̀ pé òun ń gbà á lọ́wọ́ ìgbẹ́ gbuuru. Ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má sọ èyí tó kù fún un. Ní 2020, Joseph Lewnard àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, àjẹsára rotavirus ti ń dènà àìsàn tí à bá lo oògùn apabakitéríà sí ní ìgbà mílíọ̀nù 13.6 lọ́dọọdún lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Àjẹsára fáírọ́ọ̀sì ni. Kò kan bakitéríà kankan. Síbẹ̀ ó ń dín ìyà tó ń já lé E. coli inú ìfun kù, nítorí ọmọ tí kò yàgbẹ́ gbuuru, kò sẹ́ni tó máa tú kápúsù sínú ògì rẹ̀.

Ibi tí ìwádìí kò tíì yanjú ni pé àjẹsára yìí kì í lágbára níbi gbogbo bákan náà. Nínú ìdánwò tí èsì rẹ̀ jáde ní 2010, ó dènà rotavirus líle ní 76.9 nínú ọgọ́rùn-ún ní South Africa, àmọ́ ní Malawi, 49.4 péré ni. Àwọn kan ń wo èròjà ara tí ìyá fi bọ́ ọmọ nínú oyún àti nínú ọmú, pé bóyá òun ló ń pa àjẹsára náà kó tó ràn. Àwọn mìíràn ń wo àjẹsára rọpárọsẹ̀ tí wọ́n ń kán sẹ́nu lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan sì ń wo bakitéríà inú ìfun ọmọ, àwọn onílé tí a ti ń sọ̀rọ̀ wọn bọ̀ láti òwúrọ̀: ṣé irú èyí tó ń gbé ibẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà ló ń pinnu bóyá ẹ̀kán yẹn yóò ràn?

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ọmọ kan gba oògùn apabakitéríà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó sì gba ẹ̀kán rotavirus ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹ gbé ìwádìí kan kalẹ̀ tí yóò fi hàn bóyá èkíní ti ba èkejì jẹ́. Ẹ sọ iye ọmọ tí ẹ ó yẹ̀ wò, àwọn tí ẹ ó fi wé wọn, àti ohun tí ẹ ó wá nínú ìgbẹ́ wọn.